Ẹ̀rù Kì í Mú Amọ̀ Gbẹ

Ọjọ́ kẹta tí ogun ṣí lẹ́nu odi Aro,
èéfín ò tíì tán lójú ọ̀run,
Ṣówándé mọlémọlé ti wà nínú yàrà.
Ó bu erùpẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó tu ú dànù.
"Eléyìí ti mu ẹ̀tù ìbọn jù," ó ní,
"ẹ lọ wa ti ìdí ọ̀gán wá."

Èmi Ẹfúnkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
agbè kan lórí, agbè kan lọ́wọ́,
láti odò Ògùn dé ibi tí ògiri gbé ya.
A kì í ka ìrìn ọjọ́ náà.
Bí o bá kà á, ẹsẹ̀ rẹ á gbọ́.

Àwọn obìnrin Ìtokò ń po amọ̀,
wọ́n gé koríko wẹ́wẹ́ sí i bí ẹni gé ilá sọ́bẹ̀,
wọ́n pò ó, wọ́n fi í sílẹ̀ kó sùn.
Amọ̀ tí kò bá sùn kì í jí.
Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n tún pò ó,
títí á fi máa dún pọ̀pọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Ológun kan dé, aṣọ rẹ̀ ṣì ń rùn ẹ̀tù.
"Mo fẹ́ kó ga ju orí mi lọ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́.
Wọn á padà wá."
Ṣówándé ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa ọmọ lórí.
"Ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ, ká tó gbé òmíràn lé e.
Bí a bá gbé tútù lé tútù, wọ́n á jọ wó ni."
Ológun fa idà yọ.
"Bàbá, ẹ̀rù kì í mú amọ̀ gbẹ.
Oòrùn ni. Ẹ lọ fi idà yẹn han oòrùn."

Gbogbo apomọ̀ dúró, ẹsẹ̀ kan lókè.
Ìyàwó ológun náà, tó wà láàrin àwa apọnmi,
òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ó ti idà bọ àkọ̀, ó lọ.
Nírọ̀lẹ́ ó fi òǹdè mẹ́fà ránṣẹ́,
okùn so wọ́n pọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀,
àwọn kan náà tó gun odi yìí níjẹta láti wó o.
Obìnrin wà nínú wọn, èjìká rẹ̀ bí ti ọkùnrin,
ọgbẹ́ kan ṣì tutù létí rẹ̀.
Kò gbọ́ èdè wa. Ó wọ inú amọ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pòṣé,
ó nawọ́ sí ìkòkò omi ìdí epo
tí Ìyá Ìdòwú fẹ́ dà nù.
A ò fẹ́ fún un. Ṣówándé ní ká fún un.
Ó dà á sí i, ó pò ó, amọ̀ ń dán bí ara ọmọ tuntun.
Ṣówándé tọ́ ọ wò. Lọ́tẹ̀ yìí kò tu ú dànù.

A mọ ìpele kan láti Aro, a ń yí ìlú lọ,
àwa ń yí, oòrùn ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn,
ká tó yí dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀
ìpele àkọ́kọ́ ti ń dún bí igbá.

Ilé wa ò ní òrùlé lọ́dún náà.
Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tó kù, orí odi ni wọ́n fi bò.
Màmá mi ní ìràwọ̀ kì í jò.
Òjò àkọ́kọ́ ní irọ́ ni.

Obìnrin yẹn, wọ́n mú un lọ lẹ́yìn ìkórè,
ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tí wọ́n mú un lọ.
Mi ò sì bèèrè. Ọmọdé ni mí,
ṣùgbọ́n mo lè bèèrè.

Odi ti ń wó báyìí, àgbàdo ti hù nínú yàrà.
Lápá ibì kan ní Aro, ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀,
òjò jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, kò rí i jẹ.
Àwọn ọmọ ọmọ mi ní òkúta ni.
Mo ní rárá, amọ̀ ni.
Mo mọ ẹsẹ̀ tó pò ó.
Orúkọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀.